Àǹtí Tó Dé Ilé Ṣáájú Ìyàwó

Ní ọjọ́ tí bírékì já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Má-fọwọ́-kàn-án yọ orí jáde lójú fèrèsé mọ́tò rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, ó ń fi ìkejì lé àwọn èèyàn kúrò lọ́nà. Kò pariwo pé bírékì ti já. Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gba òun. Ohun tó ń wí kò ju pé, "Ẹ yà fún Àǹtí. Ẹ yà, Àǹtí ń kánjú." Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di Bíbélì mọ́ àyà. Láti òkè ló ti bẹ̀rẹ̀ Sáàmù, ó sì ti sáré kà á kọjá ìdajì kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀. Mọ́tò náà kọjá lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́, ó kọjá lára kẹ̀kẹ́ kan tí ẹni tó ni ín ti sá fi sílẹ̀, ó wá wọ inú ṣọ́ọ̀bù onífóòmù lọ ràì, ó rì sáàárín àwọn fóòmù tí wọ́n tò jọ bíi búrẹ́dì.

Onífóòmù sáré jáde láti ẹ̀yìn ilé. Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbọn kóòtù rẹ̀.

"Bàbá, bírékì yín já."

"Kò já. Àǹtí kì í já bírékì. Ó máa ń ronú díẹ̀ kó tó dúró ni."

"Ó wá ronú wọ ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Ìwọ lo gbé ṣọ́ọ̀bù sí ibi tó ń ronú lọ." Bàbá fi ọwọ́ tẹ fóòmù tó gbà wọ́n sílẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó mi orí. "Fóòmù yìí sì le. Ẹni tó bá sùn lé e, ẹ̀yìn á máa dùn ún."

Ìtàn yìí náà ni onífóòmù dìde sọ ní ọjọ́ tí wọ́n sìnkú Bàbá. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó fara ṣàpèjúwe, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí àlùfáà fi ní láti dúró kí wọ́n ṣe tán. Ìyá Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ló yíjú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti wò ó bóyá inú ti ń bí ọkọ òun, àga tó wà níbẹ̀ sì ṣófo.

Iṣẹ́ àtúnṣe aago ni Bàbá fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ṣọ́ọ̀bù aago náà ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Oníbàárà kì í tíì na ọwọ́ sí orí tábìlì tán tí Bàbá á ti wí láìgbójú sókè pé, "Má fọwọ́ kàn án." Ó sọ ọ́ fún àgbà, ó sọ ọ́ fún ọmọdé, ó sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan aago ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹyọ kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ju gbogbo aago ayé lọ, ìyẹn ni mọ́tò rẹ̀. Àwọ̀ mọ́tò náà dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì púpọ̀ sí. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì rí róbótó bí ojú ẹni tí wọ́n ń ṣòfófó fún. Kí Bàbá tó láya ló ti rà á. Nígbà tí ìyàwó tuntun wọlé, ó mú un yí gbogbo ilé ká, ó fi yàrá hàn án, ó fi ilé ìdáná hàn án, wọ́n wá dé ilé mọ́tò.

"Àǹtí nìyí," ni ó wí.

"Àǹtí ta ni?"

"Àǹtí tìrẹ. Ó ti wà nínú ilé yìí kó o tó dé. Àbí ẹni tó ṣáájú ẹ wọlé lo fẹ́ máa pè ní mọ́tò?"

Ìyàwó tuntun rò pé àwàdà ni. Ó dúró de ẹ̀rín, ẹ̀rín kò dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Àǹtí." Inú ọkọ rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ó dá ẹ lóhùn o. Ohùn rẹ̀ ló rẹlẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í kọjá níwájú mọ́tò láìkí i. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé náà bá a bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn kì í kí mọ́tò tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á gbọn bàtà. Ẹni tó bá gbá ilẹ̀kùn, wàhálà dé bá a. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan gbá a lẹ́ẹ̀kan. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn náà, ó ní kí alàgbà bọ́ sílẹ̀ kó tún inú mọ́tò wọ̀ bí ọmọlúwàbí.

Ohun tó fi ń yangàn jù lọ ni pé kò sí nǹkan kan lára Àǹtí tí wọ́n pààrọ̀ rí. "Bó ṣe jáde ló ṣe wà," ni ó máa ń wí. "Èmi nìkan ni mo gbó." Aṣọ ìjókòó pàápàá, nígbà tí ti àkọ́kọ́ gbó, Ìyá Aránṣọ ló rán òmíràn. Bàbá dúró tì í lórí máṣíìnì títí ó fi rán an tán, kí àwọ̀ má baà yàtọ̀, kí ojú abẹ́rẹ́ má baà ṣì, kí aṣọ náà má sì ṣe ní ihò kankan lára.

Nígbà tí wáípà kú, Bàbá ní kò kú, ó ń sinmi ni. Ó di okùn aṣọ kan mọ́ wáípà náà, ó na apá kan okùn gba ojú fèrèsé ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó na apá kejì gba ojú fèrèsé tirẹ̀. Bí òjò bá ti dé, Ìyá Aránṣọ á fà á sọ́dọ̀, Bàbá á fà á padà, bí àwọn tó ń fi ayùn rẹ́ pákó.

"O ń fà á jù."

"Ẹ̀yin lẹ ò tètè fà á, Bàbá wọn."

"Díẹ̀díẹ̀. Àǹtí ò fẹ́ wàdùwàdù."

Fèrèsé méjèèjì ní láti wà ní ṣíṣí kí okùn lè ráyè kọjá. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá fi máa délé, gíláàsì mọ́tò á ti gbẹ fúú, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á sì rin gbingbin.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí bírékì já tí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù onífóòmù, Bàbá ti ara rẹ̀ mọ́ ilé mọ́tò fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní òun ń bẹ Àǹtí ni, nítorí wọ́n ti tàbùkù rẹ̀ ní gbangba. Ìyá Aránṣọ kò dá sí i. Ó gbé ọ̀rọ̀ bírékì náà lọ síbi tó mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí mọ́tò tó ṣí, á pa ojú dé, á ní, "Olúwa, ẹ bá wa di bírékì yìí mú." Bàbá á fi ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́, á dúró títí yóò fi ṣe àmín, á wá wí pé, "Ṣé o ti ṣe tán? Àǹtí ń gbọ́ gbogbo ohun tó ò ń sọ nípa rẹ̀ o." Bírékì náà kò sì já mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, kò já. Ìyá Aránṣọ dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ògbólógbòó bírékì, gbogbo ìjọ yin Olúwa. Bàbá nìkan ni kò yìn ín tó. Ó ń wo òrùlé bí ẹni tó ń ka pákó rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ka tí wọ́n ń gbé àwọn tí mọ́tò ṣe léṣe wá ni wọ́n fi í sí, ohun tó sì ń rí níbẹ̀ kì í jẹ́ kó lè jẹun nígbà mìíràn. Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀, obìnrin, Bàbá ní òun lòun máa lọ gbé e wá sílé. Ó fọ Àǹtí, ó nù ún, ó tún un nù. Ìyá Aránṣọ tẹ́ aṣọ funfun sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì, ọmọ wọn, dúró pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, kò wọ mọ́tò.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè gbé ọmọ yìí sínú mọ́tò tí ò ní bẹ́líìtì."

"Mọ́tò yìí ni mo fi gbé ìwọ náà lọ sílé. Ṣé o já bọ́?"

"Mi ò já bọ́. Àwọn tó ń já bọ́ ni mò ń rí lójoojúmọ́."

"Ṣé o fẹ́ kí n wá lu ihò sí Àǹtí lára ni?"

"Mo fẹ́ kí ọmọ mi dàgbà ni, Bàbá."

Bàbá wo ọmọ náà, ó wo ìjókòó ẹ̀yìn. Ó pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé jẹ́jẹ́, ó wọ mọ́tò, ó wà á padà sílé, aṣọ funfun náà wà lẹ́yìn bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà, òun àti ọmọ rẹ̀ ń kí ara wọn, wọ́n ń bèèrè àlàáfíà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dárúkọ mọ́tò mọ́. Bí ẹlòmíràn bá bi Bàbá léèrè ọmọ rẹ̀, á ní, "Ó wà. Ó ti di dókítà mọ́tò." Á sì yíjú.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni obìnrin tó ń ta ohun èlò ọmọdé yà sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ, tó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara Bàbá dá?"

"Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?"

"Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá, wọ́n gbé àga ọmọdé, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ inú mọ́tò. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n yọ téèpù lápò, wọ́n wọ̀n ọ́n níbùú, wọ́n wọ̀n ọ́n lóòró. Mo ní ṣé kí n bá wọn dì í. Wọ́n ní ẹni tó ṣe é kò mọṣẹ́. Wọ́n bá jáde lọ."

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í, Bàbá ní, "Mo lọ wo ohun tó ń da ilé mi rú ni." Ìyá Aránṣọ mú un lọ́rọ̀ ẹni tó ń wá ìjà kiri. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún nígbà náà yàtọ̀: téèpù tó fi ń wọn aṣọ ti sọnù. Ó fura sí àwọn oníbàárà, ó fura sí ewúrẹ́ aládùúgbò, ó tún ilé wá láti òkè dé ilẹ̀. Bàbá bá a wá a. Ó tilẹ̀ dojú bolẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ibùsùn, ó ní, "Kò sí níbí o."

Àìsàn tó mú un kò fún wọn láyè púpọ̀. Ó dùbúlẹ̀ sí yàrá, ó rù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ń rán ohun tí kò fẹ́ rán, kí ọwọ́ òun lè rí nǹkan ṣe.

"Ìyá Aránṣọ."

"Bàbá wọn."

"Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án."

"Mo ti gbọ́."

"Mi ò ní kó o gbọ́. Mo ní kó o má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án."

"Ẹ sùn, Bàbá wọn."

Ó pa ojú dé, ó tún là á. "Ní ti ìjókòó ẹ̀yìn yẹn," ni ó wí, èémí kò sì jẹ́ kó parí rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ní, "Mo mọ̀. Ẹnì kan ò ní lu ihò sí i." Bàbá wò ó bí ẹni pé ó fẹ́ ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n oorun ti ń gbé e lọ. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, ilé náà dákẹ́ jù. Láàárọ̀, Ìyá Aránṣọ á lọ sí ilé mọ́tò, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí," ohùn rẹ̀ á sì lu ògiri padà wá bá a. Táyà ń rọlẹ̀. Eruku ń bà. Nítorí pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kò nù ún. Ó ń tẹríba, ó ń fi ẹnu fẹ́ eruku náà kúrò lára bónẹ́ẹ̀tì títí òòyì fi máa ń kọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì kò wá sílé déédéé mọ́, nígbà tó sì wá, ọmọ rẹ̀ ti ń rìn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà ni ọmọ náà yọ́ wọ ilé mọ́tò. Ó lọ bá Àǹtí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń lù ú pàpàpà. Ìyá Aránṣọ àti Nọ́ọ̀sì dúró lójú kan náà. Àwọn méjèèjì ń retí ohùn kan. Ọmọ náà lù ú títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ẹnì kan kò sì wí fún un pé kó má fọwọ́ kàn án.

Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ti bú sẹ́kún.

"Màmá, ọ̀rọ̀ gidi tó gbẹ̀yìn láàárín èmi àti Bàbá, orí mọ́tò yìí ni. Mi ò fún wọn lọ́mọ. Wọ́n wa mọ́tò òfìfo lọ sílé."

"Wọn ò bínú sí ẹ."

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ìyá Aránṣọ kì í purọ́, pàápàá lọ́jọ́ tó bá ti gbàdúrà. Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ wọ́n nínú fọ́tò nìkan. Mo fẹ́ kó jókòó níbi tí èmi jókòó sí. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e síbẹ̀ bó ṣe wà yìí. Títí dòní, mi ò lè ṣe é."

Ìyá Aránṣọ wọ yàrá lọ, ó kúnlẹ̀. Ó sọ fún Ọlọ́run pé òun mọ̀ pé òun fẹ́ ṣàìgbọràn sí ọkọ òun, pé kì í ṣe àfojúdi, pé òun nìkan ló kù láti ṣe nǹkan. Ó ní kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ bá òun ṣàlàyé fún un níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń ríra báyìí. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí mẹ́káníìkì.

Mẹ́káníìkì náà ti mọ ilé yìí tẹ́lẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí," kó tó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ó fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, ó fi igi tì í kó má baà yẹ̀, ó yọ táyà iwájú. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí àpótí, ó ti ń mọ̀ ọ́n lára bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún. Ọkùnrin náà wo bírékì, ó ha á díẹ̀, ó tún wò ó.

"Màmá, ta ló ṣe bírékì yìí?"

"Àwọn tó ṣe mọ́tò náà ni. Wọn ò pààrọ̀ ẹ̀ rí."

"Kì í ṣe ti mọ́tò yìí. Ti mọ́tò tuntun ni, èyí tó máa ń mú dáadáa. Gbogbo páìpù ẹ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀. Ẹni tó ṣe é wá kun ọ̀dà sí i kó lè jọ ti àtijọ́." Ó na irin kan sí i. "Ẹ wò ó. Ó ya ìpata sí i lára. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré yà á, ẹyọ ẹyọ. Mo ti rí àwọn tó ń ha ìpata kúrò, Màmá. Mi ò tíì rí ẹni tó ń kun ìpata."

Ìyá Aránṣọ mọ búrọ́ọ̀ṣì náà. Òun ni Bàbá fi ń kun ojú aago.

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti pẹ́. Bó ṣe jẹ yìí, mo rò pé láti ayé ìgbà tẹ́ ẹ lọ kí onífóòmù ni."

Ìyá Aránṣọ rántí ọjọ́ tí ilé mọ́tò wà ní títì. Ó rántí gbogbo ọjọ́ ìsinmi tó fi pa ojú dé. Ó rántí ẹ̀rí tó jẹ́ níwájú ìjọ, àti ọkùnrin kan tó ń wo òrùlé. Ó bi ara rẹ̀ bóyá òun ti ń yọ Ọlọ́run lẹ́nu lórí ohun tí wọ́n ti tún ṣe. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Òun bẹ Ọlọ́run pé kó di bírékì mú. Ọlọ́run kàn rán ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ ni. Ẹni náà ni kò kàn sọ fún ìyàwó rẹ̀, títí kan ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Opùrọ́," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Mẹ́káníìkì ní wáyà iná ló kù tó ń ba òun lẹ́rù, nítorí rọ́bà ara wọn ti gbẹ, ó lè gbiná nígbàkigbà. Láti tọ ipasẹ̀ wọn, ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò. Ó dúró, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó sì pe Nọ́ọ̀sì. Ó pe Ìyá Aránṣọ pẹ̀lú.

Ilẹ̀ mọ́tò náà ní ihò. Wọ́n ti lù ú lọ́nà tó mọ́ rekete, eteetí rẹ̀ ni wọ́n ti fi ọ̀dà kùn kó má baà dípata. Irin pẹlẹbẹ wà lókè ihò kọ̀ọ̀kan, òmíràn wà lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi bóòtù dè é pọ̀. Èyí tó wà láàárín ni wọ́n fún láyè jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, téèpù aṣọ kan ká jọ, ó yọ́ sí igun bí ìgbín.

"Téèpù mi," ni Ìyá Aránṣọ wí.

"Ibi tí wọ́n ń de bẹ́líìtì mọ́ nìyí," ni mẹ́káníìkì wí. "Bàbá ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán. Bẹ́líìtì nìkan ló kù."

Nọ́ọ̀sì jáde nínú ilé mọ́tò. Ó lọ sí ibi tó ti kó ẹrù rẹ̀ sí, ó gbé àga tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí nínú mọ́tò wá. Ìyá Aránṣọ mú téèpù náà, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀ kúrò, ó wọn ìdí àga, ó wọn àárín irin sí irin. Ó tún un wọ̀n. Iye kan náà ni.

Ó sọ ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń ta ohun èlò ọmọdé fún ọmọ rẹ̀ nígbà náà, bí Bàbá ṣe dojú àga délẹ̀, bó ṣe ní ẹni tó ṣe é kò mọṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó kúnlẹ̀ sínú mọ́tò, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin àárín náà, ó fi í síbẹ̀ pẹ́.

"Wọn ò bínú," ni ó wí.

"Ṣebí mo sọ fún ẹ," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí di ìṣẹ́jú náà.

Mẹ́káníìkì fi ìka mi ọ̀kan nínú àwọn bóòtù náà, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ibi tí Bàbá yàn dára. Irin tí wọ́n fi tẹ́ ẹ dára. Ṣùgbọ́n bóòtù aago ni wọ́n fi dè é, Màmá. Ó tínrín jù. Tí mọ́tò bá dúró lójijì, ó lè já. Mo máa fi èyí tó tọ́ rọ́pò ẹ̀, inú ihò rẹ̀ náà ni mo máa fi sí." Ó dúró, ó ń wo ojú Ìyá Aránṣọ. "Ṣé kí n kun ìpata díẹ̀ sí ti tuntun náà?"

Ìyá Aránṣọ rò ó.

"Ẹ kun díẹ̀."

Iṣẹ́ náà gba àkókò. Ọkùnrin náà pààrọ̀ wáyà, ó fi fíùsì sí i kí iná má baà ṣẹ́ yọ, ó fi táyà tuntun sí i, ó jẹ́ kí iná ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ débi tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Ó fi bẹ́líìtì síwájú, ó fi sẹ́yìn. Nígbà tó tún wáípà ṣe, ó gé okùn, ó fẹ́ sọ ọ́ nù. Ìyá Aránṣọ na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó fi sínú àpò rẹ̀.

Ó rán aṣọ ìjókòó tuntun, àwọ̀ tíì oní-mílíìkì náà ni. Nígbà tó kan ibi tí bẹ́líìtì máa gbà yọ, ó gbé àlùmágàjí lé aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ gé e. Ìgbà kan wà tí ẹnì kan dúró tì í lórí máṣíìnì yìí nítorí ihò. "Bàbá wọn, ẹ máa wò ó," ni ó wí, ó sì gé e. Ó gbá etí rẹ̀ yí po bí ihò bọ́tìnnì kóòtù ọkọ ìyàwó, ojú abẹ́rẹ́ kan kò ṣì.

Ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Àǹtí jáde, Nọ́ọ̀sì ló wà á. Wọ́n kọ́kọ́ kí i. Wọ́n gbé ọmọ sẹ́yìn, wọ́n dè é, bẹ́líìtì dún kà, ọmọ náà ní, "Kà." Ìyá Aránṣọ jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó pa ojú dé. Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́, ó dúró de àmín, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bí i ti máa ń ṣe.

"Olúwa, ẹ bá wa di bírékì..." Ó dúró. "Ẹ ṣeun, Olúwa. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti rí i."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Onífóòmù tó ń gbálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbójú sókè, ó rí ẹni tó ń bọ̀, ó sọ ìgbálẹ̀ nù, ó sì gbá fóòmù kan mọ́ra, ó ń wọ́ ọ wọlé. Nọ́ọ̀sì tẹ bírékì. Àǹtí dúró jẹ́jẹ́ lójú ibẹ̀, kò mì. Onífóòmù yọjú lẹ́yìn fóòmù.

"Màmá, ṣé kò ronú mọ́ ni?"

"Ó ti ronú tán," ni Ìyá Aránṣọ wí.

Wọ́n ti ń lọ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Fèrèsé wà ní títì. Wáípà ń lọ, ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀, ara gbogbo wọn gbẹ. Ọmọ náà ti sùn lọ nínú àga rẹ̀. Ìyá Aránṣọ yọ okùn náà láti inú àpò, ó ká a mọ́ ìka, níbi tó ti máa ń ká a tẹ́lẹ̀. Ó fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró de ẹni tó máa ń fà á padà.